Ìdánrawò Ni Yóò Mú Ọwọ́ Wa Yá: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Olórin Ẹ̀ka Wa



Ní ìpàdé tó kọjá, àwọn kan béèrè ìdí tí a fi ń fi owó ẹgbẹ́ tún ìlù ṣe. Àwọn mìíràn ní orin tí a mọ̀ ti tó, pé ẹni tó bá ti dàgbà kò tún lè kọ́ ohun èlò tuntun mọ́. Àwa kò fara mọ́ èyí.

Ẹ wo ọmọ ìlú wa, Fẹlá Aníkúlápó-Kútì, tí a bí ní Abẹ́òkúta ní 1938. Ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1958, ó sì kọ́ nípa orin ní Trinity College of Music. Fèrè trumpet ni ó ń fọn. Ní 1973, Igo Chico, tí ń fọn saxophone fún un, kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Fẹlá ti di gbajúmọ̀ nígbà náà, ó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Síbẹ̀, ó gbé saxophone, ó fi kọ́ra fúnra rẹ̀, ó sì fọn ọ́n nínú àwo Gentleman lọ́dún náà. Kì í ṣe idán. Èémí, ìka àti etí tí trumpet ti kọ́ fún ọdún pípẹ́ ni ó fi gun orí èkejì.

Bàbá tó bí bàbá rẹ̀, Alùfáà J. J. Ransome-Kuti, ni a bí ní 1855. Ní 1922 ni ó kọ orin Yorùbá sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ti lé ní ọdún 65 nígbà náà! Ta ni yóò wá sọ pé ogójì ọdún ti pọ̀ jù?

Báwo ni a ó ṣe máa ṣe é? Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ìdajì wákàtí lójoojúmọ́ sàn ju wákàtí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lọ. Kí onífèrè kọ́kọ́ fọn ohùn kan kí ó gùn, kí ó sì dúró ṣinṣin. Ibi tó bá le nínú orin, ẹ yọ òun nìkan jáde, ẹ ṣe é jẹ́jẹ́, kí ẹ tó mú un yára. Onílù tí kò fẹ́ dí aládùúgbò lọ́wọ́ lè fi igi lu táyà àtijọ́. Ọmọ Àyàn pàápàá, orí ìlù kéékèèké ló ti ń bẹ̀rẹ̀ kí ó tó dé ìdí ìyáàlù.

Ẹ ó ní, "Àyè dà?" Ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún, 1886, àwọn òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí wákàtí mẹ́jọ fún iṣẹ́, mẹ́jọ fún ìsinmi, mẹ́jọ fún ohun tó wu olúkúlùkù. Ìjà ni wọ́n fi gba àkókò náà. Kí àwa má fi ṣòfò. Nítorí náà, a ó bá àwọn ọ̀gá sọ̀rọ̀ kí ẹni tó wà ní iṣẹ́ òru lè máa rí ìrọ̀lẹ́ kan lọ́sẹ̀ bá wa péjọ.

Ọmọ Lísàbí ni wá. Àáró ni Lísàbí fi kó Ẹ̀gbá jọ tí wọ́n fi gba ara wọn sílẹ̀. Kí àwa náà ṣe àáró orin: ẹni tó mọ fèrè kọ́ onílù lọ́sẹ̀ yìí, kí onílù kọ́ ọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí olúkúlùkù ní ohun tuntun kan lọ́wọ́ kí oṣù tó parí.

Ọwọ́ wa ni yóò dá àwọn tó ń béèrè owó lóhùn. Ẹgbẹ́ wa kò ní í túká o.