Ọdún 1949: Ohun Tí Àwọn Ìyá Wa Ṣe Ní Aké, Àti Iṣẹ́ Tó Kù Fún Wa

(Ọ̀rọ̀ tí alákòóso ẹ̀ka ọ̀dọ́ sọ níbi ìpàdé àwọn ọmọ ìlú. A gbé e síbí fún ẹ̀yin tí ẹ kò ráyè wá.)

  

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìtàn. Ìtàn Ẹ̀gbá pọ̀. A máa ń sọ ti Lísàbí, a máa ń sọ ti Ṣódẹkẹ́ àti Olúmọ. Ṣùgbọ́n ọdún kan wà tí a kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó, ọdún 1949. Mo fẹ́ ká jọ wò ó lónìí, nítorí ó ní ohun tó ń bá ẹgbẹ́ tiwa yìí wí.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù kìíní ọdún náà ni Kábíyèsí Aláké, Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, sọ̀ kalẹ̀ lórí oyè. Láti 1920 ni wọ́n ti jọba. Wọ́n ti kúrò nílùú láti oṣù keje 1948, Òṣogbo ni wọ́n fi ṣe ibùgbé. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ńlá ni? Kí Aláké fi Aké sílẹ̀! Àwọn wo ló sì wà nídìí ẹ̀? Àwọn obìnrin ọjà. Àwọn aládìírẹ, àwọn oníresì, àwọn alágbo, àwọn tó ń gbé igbá lérí.

Ọ̀rọ̀ owó orí ló dá a sílẹ̀. Láti 1918 ni wọ́n ti ń gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin Abẹ́òkúta, lọ́tọ̀ sí ti ọkọ rẹ̀. Ọmọbìnrin tó bá ti pé ọdún 15, ó ti di ẹni tí wọ́n ń bu owó orí fún. Ọ̀kan nínú ẹ̀sùn tí àwọn ìyá wa kà ni pé àwọn agbowó-orí ń tú aṣọ ọmọbìnrin wò láti mọ̀ bóyá ó ti dàgbà tó. Nígbà ogun Hitler, wọ́n tún ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn obìnrin ní ọjà. Ètò tí ìjọba Òyìnbó ṣe nígbà náà sì ni pé ọba nìkan ni wọ́n kó agbára lé lọ́wọ́. Òyìnbó jókòó sẹ́yìn, ọba ló wà níwájú, orí ọba ni gbogbo ẹ̀bi wá dà lé.

Àwọn ìyá wa kò kàn jí lọ́jọ́ kan kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí pariwo. Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Ìyá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, tí ará Aké ń pè ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀, ti ní ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó mọ̀wé. Ó ṣí ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ fún àwọn obìnrin ọjà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ kíláàsì mọ̀-ọ́n-kọ mọ̀-ọ́n-kà fún wọn, ní 1946 ó di Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta. Bẹ́ẹ̀rẹ̀ pa gáùn tì, ìró àti bùbá ló ń wọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé òun ga ju oníyọ̀ lọ. Tó bá kan ọ̀rọ̀ pẹ̀lú àwọn aláṣẹ Òyìnbó, Yorùbá ló ń sọ, kí wọ́n lọ wá ògbufọ̀ fúnra wọn. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, wọn kò jẹ́ kó sú wọn. Wọ́n gba oníṣirò owó kó yẹ ìwé ìnáwó ìjọba ìbílẹ̀ wò. Ìgbà tí gbogbo ìyẹn kò yọrí sí rere ni wọ́n tó tú jáde. Ní ìparí oṣù kọkànlá 1947, obìnrin tó lé ní 10,000 sun ìta ààfin mọ́jú, wọ́n sì tún padà wá ní oṣù kejìlá.

Wọlé Ṣóyínká, tó jẹ́ ọmọdé ní Aké nígbà náà, kọ nípa rẹ̀ sínú ìwé rẹ̀ Aké tó jáde ní 1981. Ìyá tiẹ̀ náà wà nínú ẹgbẹ́ ọ̀hún. Ọ̀pọ̀ nínú yín sì ti wo fíìmù tí Bọ́lánlé Austen-Peters ṣe nípa Bẹ́ẹ̀rẹ̀. Fíìmù dáa, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹnì kan ló ṣe é. Ẹgbẹ́ ló ṣe é.

Kí ni wọ́n rí gbà? Wọ́n gbé owó orí obìnrin kúrò, obìnrin sì jókòó nínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ìlú. Ní 1949 náà ni ẹgbẹ́ náà kúrò ní ti Abẹ́òkúta nìkan, ó di Ẹgbẹ́ Obìnrin Nàìjíríà.

Ẹ jẹ́ ká yọjú síta díẹ̀, nítorí lọ́dún kan náà, Nàìjíríà lápapọ̀ náà kò sùn. Ní oṣù kẹjọ, àwọn agbábọ́ọ̀lù wa 18 wọ ọkọ̀ ojú omi láti Èkó lọ sí Ìlú Ọba. Etim Henshaw ni kápútéènì wọn, Tẹ̀sílíìmù Balógun tí wọ́n ń pè ní Thunder sì wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi gbá a. Ìdíje àkọ́kọ́ tí wọ́n gbá nítòsí Liverpool, ayò 5 sí 2 ni wọ́n fi na àwọn Òyìnbó. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, wọ́n dúró ní Freetown ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹwàá, wọ́n na Sierra Leone ní ayò 2 sí òdo. Ìdíje àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà bá orílẹ̀-èdè mìíràn gbá nìyẹn. Ọdún yẹn náà ni Fágúnwà gbé Igbó Olódùmarè jáde, ìwé tí ọ̀pọ̀ àwọn òbí wa fi kọ́ bí a ṣe ń ka Yorùbá.

Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ kọ́ ni ayọ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá, ní Iva Valley ní Enúgu, àwọn tó ń wa èédú ń bèèrè ẹ̀tọ́ wọn, ọlọ́pàá yìnbọn lù wọ́n. Ènìyàn 21 ló kú. Ogúndé ṣe eré Bread and Bullet lé e lórí ní 1950. Ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ohun tí àwọn ìyá wa ṣe ní Aké, ó léwu. Ìbọn kan náà wà lọ́wọ́ ìjọba kan náà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní, “Ọmọ yìí, kí lo tún ń hú ọ̀rọ̀ àtijọ́ jáde fún? Ṣé o fẹ́ bú ọba ni?” Rárá o. Kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Ní oṣù kejìlá 1950, Kábíyèsí padà sí Aké, wọ́n sì wà lórí oyè títí wọ́n fi wàjà ní 1962. Ẹ̀gbá jà, Ẹ̀gbá sì parí ìjà. Ìyẹn náà jẹ́ ara ohun tó yẹ ká fi yangàn.

Ohun tí mo ń bèèrè ni pé: kí la ti fi ogún yẹn ṣe? Ní 1949, obìnrin ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ Ẹ̀gbá. Lónìí, nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ìlú wa, nígbà tí ìpàdé bá ń lọ lọ́wọ́, àwọn ìyá wa wà lẹ́yìn ilé, wọ́n ń ro àmàlà fún àwọn tó ń dìbò. Tí a bá dá owó ìdàgbàsókè, àwọn ló máa ń kọ́kọ́ san. Tó bá di ká pín ipò, a ní kí wọ́n mú akọ̀wé obìnrin kan. Ẹ má bínú sí mi o, ẹ̀yin àgbà. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni ẹ̀ka ọ̀dọ́ ń gbé wá síwájú ìpàdé gbogbogbòò.

Èkíní, kí gbogbo ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ wa ní obìnrin àti ọ̀dọ́ nínú, kì í ṣe ẹyọ kan fún ojú ayé, bí kò ṣe iye tó lè yí ìbò padà.

Èkejì, kí á máa ka ìwé ìnáwó sókè lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́dún, kí á sì gbé e sórí Wásáàpù. Bí obìnrin ọjà bá lè bèèrè ìwé ìnáwó lọ́wọ́ ìjọba Òyìnbó ní 1947, kò yẹ kó jẹ́ àrífín tí ọmọ ìlú bá bèèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ló jẹ mí lógún jù. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún 10 ní 1949 ti lé ní ọmọ ọdún 85 báyìí. Lọ́dọọdún là ń sin wọ́n. Ẹ lọ bá ìyá àgbà tó wà nílé yín. Ẹ tan fóònù, ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé ta ló sun Aké lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ta ló gbé ọmọ pọ̀n lọ, orin wo ni wọ́n kọ, kí ni àwọn bàbá sọ nílé. Ẹ kọ orúkọ wọn, agbolé wọn, àti ọjà tí wọ́n ti tajà, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹ̀ka ọ̀dọ́. Orúkọ Bẹ́ẹ̀rẹ̀ ti wà nínú ìwé, kò lè parẹ́ mọ́. Àwọn yòókù tó lé ní 10,000 ńkọ́? Ìyá ta ni wọ́n? Tiwa ni.

 Ẹ̀gbá ò ní bàjẹ́. Olúmọ á gbè wá o.