Ọ̀rọ̀ Akọ̀wé Lórí Tablet Tá A Fẹ́ Rà fún Àwọn Ọmọ Wa

Àwọn ọmọ tó wà ní yunifásítì ń bèèrè tablet, owó àjọ la sì máa fi rà á. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń tà á fi GB tàn yín jẹ o.

Oríṣi GB méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan dà bíi yàrá tá à ń kó ọjà sí. Èkejì, tí wọ́n ń pè ní RAM, òun ni àtẹ. Bí ọjà kún yàrá tí àtẹ ò fẹ̀, títà ò lè yá. Wọ́n lè ki mẹ́mọ́rì káàdì bọ̀ ọ́ kí yàrá fẹ̀ sí i. Àtẹ ńkọ́? Wọ́n ti jó o mọ́ inú ẹ̀ láti ilé iṣẹ́.

Ẹ wo Surface Go ti Microsoft. Kò ní fáànù, kì í pariwo rárá, ọmọ lè lò ó ní láíbìrì. Ti 2018 lè dínwó, àmọ́ ẹ fi sílẹ̀: Windows 11 ò gba prọ́sẹ́sọ̀ rẹ̀, ìtọ́jú Windows 10 sì ti parí ní October 2025. Go 2 ti 2020 ni kẹ́ ẹ bèèrè. Core m3 yára ju Pentium lọ, òótọ́ ni, àmọ́ tówó ò bá ká a, Pentium tó ní RAM 8GB tẹ́ mi lọ́rùn. 4GB máa fa ọmọ sẹ́yìn.

Àìní fáànù yẹn, tó bá gbóná, ṣe ló máa rọra ṣiṣẹ́. Kí wọ́n má gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n ṣí Settings, kí wọ́n tẹ System, kí wọ́n tẹ About. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti ka RAM, kì í ṣe ara páálí.