Níbo ni Ìgbàgbọ́ Wa ti Wá?

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé Ẹgbẹ́)

Ẹ ní kí a sọ̀rọ̀ lórí ibi tí ìgbàgbọ́ ènìyàn ti ń wá, àti ìdí rẹ̀ tí ó fi yẹ kí a máa wádìí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò. Nítorí náà a ó mú ohun kan ṣoṣo tí kò ṣàjèjì sí ilé ẹnikẹ́ni níhìn-ín: àbíkú.

Ní agbolé tí a ti tọ́ wa dàgbà, obìnrin kan bí ọmọ mẹ́rin, mẹ́ta sì ti kú. Wọ́n sọ ìkẹrin ní Málọmọ́, wọ́n so ṣaworo mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Nígbà òjò àti nígbà ọyẹ́, ọmọ náà a máa sunkún egungun. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ a wú. Bí ó bá di ọjọ́ kejì, a tún máa ṣeré. Kò sí ẹni tí ó jókòó kọ́ wa pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọ̀run ni ó ń pè é. A mọ̀ ọ́n bí a ti mọ orúkọ ara wa ni. Ẹ̀yìn ìyá wa ni a ti gbọ́ ọ. Àwọn tí kò tàn wá jẹ nípa oúnjẹ, báwo ni wọn yóò ti tàn wá jẹ nípa ikú?

Lẹ́yìn náà a lọ sí ilé-ìwé. Olùkọ́ wa wí pé asán ni àbíkú, a sì gbà á ní ọjọ́ náà gan-an. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwa pẹ̀lú fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí i: a kò wádìí ti ìṣáájú, a kò sì wádìí ti ìkẹyìn. Ẹni tí a gbẹ́kẹ̀lé nìkan ni ó yí padà. Aṣọ ni a pààrọ̀, a kò wẹ̀.

Málọmọ́ kú kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Àwọn ará ilé gé ìka rẹ̀ kí wọ́n tó sin ín, kí wọn lè dá a mọ̀ bí ó bá tún wá. Àwa ọmọ ilé-ìwé fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Nínú àwọn tí ó gé ìka àti àwa tí a rẹ́rìn-ín, kò sí ẹni tí ó bi ìyá ọmọ léèrè ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Ní ọdún 1910, oníṣègùn kan, James Herrick, ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó wá láti erékùṣù Grenada. Ó fi awò tí í sọ ohun kékeré di ńlá wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí ó rí roboto, ó tẹ̀ bí dòjé. Ní ọdún 1949, James Neel fi hàn pé ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá pọ̀ ni ọmọ ti ń jogún àrùn náà. Bí àwọn méjèèjì bá ní ẹ̀jẹ̀ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ yóò jẹ́ SS. Ní Nàìjíríà wa, bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ni ó ní ẹ̀jẹ̀ AS. Àrùn tí à ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí agbolé wa. Àwọn àgbà rí òótọ́: wọ́n rí i pé inú kan náà ni ó ń pàdánù ọmọ léraléra, wọ́n rí àìsàn tí ń lọ tí ń bọ̀. Ojú wọn kò ṣì wọ́n. Ìtumọ̀ tí wọ́n fún un ni ó ṣì wọ́n, ìtumọ̀ náà ni ó sì mú ọ̀bẹ wá. Àwa tí a wí pé asán ni, a da ọkà nù pọ̀ mọ́ ìyàngbò. Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo àbíkú ni àrùn yìí pa. Ibà àti ìgbóná pa púpọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá wádìí kò lè mọ èyí yàtọ̀ sí èyí.

Nítorí náà, ohun tí a bá gbàgbọ́, ẹ jẹ́ kí a bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Ta ni ó sọ ọ́ fún wa? Kí ni òun tìkára rẹ̀ rí? Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí ni a ó fi mọ̀? Ìwádìí kì í ṣe àfojúdi sí àwọn baba wa. Ìwé Ìṣe àwọn Àpósítélì yin àwọn ará Bèréà nítorí pé wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù pàápàá wò. Àwọn baba wa pẹ̀lú a máa rán alárenà lọ ṣe ìwádìí ìdílé kí wọ́n tó fi ọmọ fún ọkọ: ǹjẹ́ wèrè wà níbẹ̀? Ǹjẹ́ ẹ̀tẹ̀ wà níbẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a fi ìbéèrè kan kún ti alárenà: irú ẹ̀jẹ̀ wo ni ọmọ yín ní? Ọmọ SS tí a bá sì tètè mọ̀, tí a ń tọ́jú bí ó ti yẹ, lè dàgbà kí ó di bàbá, kí ó di ìyá.

Ẹni tí ó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ má ṣe gba ọ̀rọ̀ yìí nítorí pé àlùfáà ni ó sọ ọ́. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ jẹ́ kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ yín wò, kí ẹ sì fi ojú ara yín rí i.