Ìtọ́jú Ẹ̀fọ́rí ní Ọ̀nà Ayurveda

Ẹ̀fọ́rí kan wà tí í máa fún orí yíká bí ẹni pé a fi ọ̀já dì í pinpin. Ó lè wà fún ìṣẹ́jú 30 péré, ó sì lè tó ọjọ́ 7. Àníyàn àti àìsùn a máa dá a sílẹ̀, ọrùn aláìsàn a sì máa le.

Àwọn oníṣègùn Ayurveda ilẹ̀ Íńdíà ní àlàyé tiwọn. Wọ́n gbà pé ipá mẹ́ta ní ń darí ara: vata tí í ṣe afẹ́fẹ́, pitta tí ó jẹ mọ́ iná àti òróòro, àti kapha tí ó jẹ mọ́ omi àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Irú àrùn orí 11 ni ìwé àtijọ́ wọn, Sushruta Samhita, kà sílẹ̀. Bí vata bá ru, wọ́n ní a ní láti fi òróró àti ìsinmi tù ú.

Ní ìpínlẹ̀ Kerala, shirodhara gbajúmọ̀. Aláìsàn a fẹ̀yìn lélẹ̀. Wọn a gbé ìkòkò tí ó ní ihò nídìí kọ́ sókè orí rẹ̀. Òróró yànmọ̀tí lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí a fi egbòogi sè a sì máa ṣàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sí iwájú orí rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwádìí tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ lórí rẹ̀ kò tíì pọ̀, ṣùgbọ́n ìsinmi àti ìfọ̀kànbalẹ̀ jẹ́ ohun tí àwọn dókítà ilé ìwòsàn pàápàá ń gbani nímọ̀ràn fún irú ẹ̀fọ́rí yìí.

Oògùn gbígbé mì ni ó gba ìṣọ́ra. Ní ọdún 2008, Dókítà Robert Saper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ àbájáde ìwádìí jáde lórí oògùn Ayurveda 193 tí wọ́n rà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Nínú oògùn márùn-ún, bí ọ̀kan ni wọ́n bá òjé, mákíúrì tàbí ásẹ́níìkì. Bẹ́ẹ̀ ni òjé fúnra rẹ̀ a máa fa ẹ̀fọ́rí! Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé oògùn òyìnbó kò ní ewu tirẹ̀. Ẹni tí ó ń lo oògùn ara ríro fún ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ẹ̀fọ́rí di bárakú.

Ṣùgbọ́n bí orí bá ṣàdédé fọ́ kíkankíkan, tàbí tí ibà àti ọrùn líle bá bá a rìn, tàbí tí apá kan ara rọ, kí òróró dúró ná. Ilé ìwòsàn ni kí aláìsàn gbà lọ lójú ẹsẹ̀.