Áàpù fún Orin, Ìkànnì fún Ọ̀rọ̀ Tó Ń Kọjá

Ọ̀nà méjì ni orin àti ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ ń gbà wọ inú fóònù wa. Áàpù ni àkọ́kọ́: a ó dáńlóòdù rẹ̀, yóò sì gba àyè tirẹ̀. Ìkejì ni ìkànnì tí a ń fi Chrome tàbí Opera Mini ṣí. Bí a bá ti pa á dé, ó tán. Iyàn lórí èyí tó dára jù ti pẹ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2007, Steve Jobs ti Apple ní kí àwọn tó fẹ́ ṣe nǹkan fún iPhone gbé e sórí ìkànnì. Nígbà tó di oṣù keje ọdún 2008, Apple fúnra rẹ̀ ti ṣí ọjà áàpù. Lójú tèmi, ìlò ló yẹ ká fi dá ẹjọ́ náà. Ohun tí ènìyàn ń padà sí léraléra, inú áàpù ló yẹ kó wà. Ohun tí ojú rí tó sì kọjá, ìkànnì tó o.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò orin. Orin Ìbàdàn kì í kúrú. Àwúrèbe Dáúdà Epo Àkàrà tàbí fújì Síkírù Àyìndé Barrister lè gba odidi ojú àwo kan láìdánudúró. Ká ní orin kan gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tó ń wọlé ní kílóbíìtì 128 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, yóò jẹ dátà tó tó MB 29. Ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀márùn-ún lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ti jẹ MB 144. Ẹni tó tọ́jú rẹ̀ sínú áàpù jẹ MB 29 péré, ì báà gbọ́ ọ nígbà ọgọ́rùn-ún. Láti oṣù kìíní ọdún 2025, tí àjọ NCC ti gba àwọn iléeṣẹ́ fóònù láyè láti fi iye tó lè tó ìdá 50 nínú 100 lé owó wọn, ìyàtọ̀ yẹn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́. Ẹnìkan lè sọ pé ìkànnì náà lè kó orin pamọ́ nínú bíráúsà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bíráúsà ló ni ibi ìpamọ́ ọ̀hún. Bí àyè bá há, ó lè kó gbogbo rẹ̀ dànù láìbi ọ́ léèrè.

Ti ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ yàtọ̀. Ta ló ń padà lọ ka ìjà tí wọ́n jà lórí X lánàá? Nígbà tí Twitter, tó ti di X báyìí, gbé ìkànnì fẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ tó pè ní Twitter Lite jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2017, nǹkan bíi KB 600 ló ń gbà láti ṣí i. Áàpù Android rẹ̀ nígbà náà gba MB 23.5. Àwọn tó fara mọ́ áàpù a máa fi Mark Zuckerberg ti Facebook ṣe ẹlẹ́rìí, ẹni tó sọ ní ọdún 2012 pé gbígbé ara lé ìkànnì jù ni àṣìṣe ńlá iléeṣẹ́ òun. Ẹ̀rí náà tọ́ fún fóònù ayé ìgbà yẹn. Láti ìgbà náà, Chrome ti ń jẹ́ kí ìkànnì ta wá lólobó bí ọ̀rọ̀ tuntun bá dé, iPhone pàápàá ti gbà á láyè láti oṣù kẹta ọdún 2023. Ìkànnì tún ní àǹfààní kan tí a kì í sábà kà sí: áàpù a máa tọrọ àyè láti wo gbogbo nọ́ńbà inú fóònù rẹ, ọ̀pọ̀ wa a sì tẹ bẹ́ẹ̀ ni láìkà á. Ìkànnì kò lè dá kó wọn lọ bẹ́ẹ̀. (Mo yọ WhatsApp sílẹ̀, nọ́ńbà fóònù ni wọ́n fi ń mọ ẹni níbẹ̀.)

Àtakò tó le jù ni pé orin inú áàpù kì í ṣe tiwa. Spotify, tó dé Nàìjíríà ní oṣù kejì ọdún 2021, fẹ́ kí ẹni tó tọ́jú orin wọ íńtánẹ́ẹ̀tì ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Bí owó oṣù bá sì tán, orin náà kò ní kọ mọ́. Mo gbà. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn ti mọ irú èyí rí. Rediffusion, rédíò tó ń gba inú wáyà wọlé, tó dé ìlú yìí ní ọdún 1939, owó oṣù ni wọ́n ń san sí i, ẹni tí wọ́n bá sì já wáyà rẹ̀, àpótí ara ògiri rẹ̀ dákẹ́ nìyẹn. Àwọn tó ń kó orin sí mẹ́mọ́rì kaádì fún wa ń tà á tán pátápátá lóòótọ́, àmọ́ olórin kì í rí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Láàárín méjèèjì, mo fara mọ́ áàpù, pẹ̀lú gbogbo àléébù rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí fóònù yín ń sọ pé àyè ti tán, ẹ yọ áàpù Facebook àti X kúrò, kí ẹ máa gba Chrome débẹ̀. Ẹ fi àyè náà fún áàpù orin kan ṣoṣo. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe mú ará Mápó dáńlóòdù áàpù kó tó lè ka ìkéde ìnáwó àdúgbò rẹ̀.