Afẹ́fẹ́ Mú Òrùlé, Òkun Mú Ilẹ̀
Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba tí a ṣe fún ará Èjìgbò, Ìpínlẹ̀ Èkó

 

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìlú kékeré etí òkun tí àjálù bà jẹ́, tó sì ń wá bí yóò ṣe tún ara rẹ̀ tò. Ẹnì kan lè ní, kí ló kan Èjìgbò níbẹ̀? A ò kúkú sí létí òkun. Ṣùgbọ́n àwa tí a mọ odò Òkè-Àfá mọ ohun tí omi lè ṣe. Ẹ rántí ọjọ́ Àìkú, 10 oṣù keje 2011, tí òjò rọ̀ títí tí títì fi di odò káàkiri Èkó. Ẹ rántí 13 oṣù kejì 2012, tí ìjì jà nílùú yìí, tó ṣí páànù, tó wó òpó iná, tó sì gba ẹ̀mí èèyàn. A kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ìjì tiwa máa ń jà ní àkọ́rọ̀ àti ní àrọ̀kúrò. Ìlà-oòrùn ló ti ń bọ̀: ojú ọ̀run á ṣú, eruku á gbéra, afẹ́fẹ́ á fẹ́, òjò á tẹ̀lé e, kí ó tó pẹ́, ó ti tán. Èyí tí wọ́n ń pè ní hurricane kì í dé ọ̀dọ̀ wa, nítorí pé a sún mọ́ ìlà agbedeméjì ayé jù. Yíyí tí ayé ń yí ló ń mú kí ìjì ńlá náà máa pòyì bí òkòtó. Nítòsí ìlà náà, agbára yẹn kéré, ìjì kò rí ohun tí yóò ta á.

Síbẹ̀, apá ọ̀dọ̀ wa ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń ṣẹ̀. Láti oṣù kẹfà lọ, ìgbì afẹ́fẹ́ máa ń tẹ̀lé ara wọn la ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kọjá títí dé etíkun Sẹ̀nẹ̀gàl. Tí wọ́n bá bọ́ sórí òkun gbígbóná, díẹ̀ nínú wọn á di apanirun lápá kejì òkun. Ọ̀kan kúrò ní etíkun Áfíríkà ní ìparí oṣù kẹfà 2024. Wọ́n sọ ọ́ ní Beryl. Nígbà tó di 1 oṣù keje, ó bọ́ lu Carriacou, erékùṣù kékeré kan lábẹ́ ìjọba Grenada, tí èèyàn ibẹ̀ kò ju bíi 9,000 lọ. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń sá ju 200 kìlómítà lọ ní wákàtí kan. Olórí ìjọba wọn, Dickon Mitchell, sọ fún aráyé pé ààbọ̀ wákàtí ló fi tẹ́ erékùṣù náà pẹrẹsẹ. Grenada kì í sì í ṣe ilẹ̀ àjèjì sí wa: ní 1849, wọ́n kó àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú lọ síbẹ̀ láti ṣiṣẹ́ oko, Ìjẹ̀ṣà pọ̀ nínú wọn, àwọn ló sì gbé Ṣàngó dé ibẹ̀.

Ibi tí mo ń lọ rèé. Nígbà tí Beryl kọjá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ilé kan ní Carriacou tí kò fara gbá. Ilé ìwòsàn bà jẹ́. Ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n kó pamọ́ sáàárín igi ẹ̀gbà dojú dé lórí ara wọn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ wà níbẹ̀. Onílé dúró lórí ìpìlẹ̀ ilé rẹ̀, ó mọ ibi tí yàrá wà, ó mọ ibi tí ẹnu ọ̀nà wà. Ó lè ka pákó àti páànù tí òun nílò. Ẹni tó fẹ́ ràn án lọ́wọ́ mọ ohun tí yóò gbé wá. Ìyà ńlá ni, ó sì pẹ́ lára wọn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ní ibi tí a ti lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sílé. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Ayétòrò, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Ní 1947 ni àwọn ọmọ ìjọ kan tí wọ́n jáde láti inú Kérúbù àti Séráfù tẹ ìlú yìí dó sí etí òkun. Ìtàn tí ìlú fúnra rẹ̀ ń sọ ni pé inúnibíni ló lé wọn débẹ̀, nítorí pé wọ́n tako pípa ìbejì àti fífi èèyàn rúbọ. Wọ́n da ohun ìní pọ̀. Kò sí owó oṣù, kò sí tèmi-tìrẹ. Ohun tí apẹja mú bọ̀, ti ìlú ni, ohun tí ẹnì kan fẹ́ jẹ tàbí fẹ́ wọ̀, ìlú ló ń fún un. Lórí ẹrẹ̀ yẹn ni wọ́n ti kan ọkọ̀ ojú omi, tí wọ́n hun aṣọ, tí wọ́n ṣe bàtà àti ọṣẹ, tí wọ́n sì fa iná mànàmáná tiwọn nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá wa ṣì ń tan àtùpà. Ògelóyìnbó ni wọ́n ń pe ọba wọn. Ní 1977, Stanley Barrett tẹ odindi ìwé jáde lórí wọn; ó fi orúkọ ìlú pamọ́, ó pè é ní Olowo, ó sì ṣàlàyé bí ètò àjùmọ̀ní náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tú láti ìparí àwọn ọdún 1960 síwájú, nígbà tí oníkálukú bẹ̀rẹ̀ sí í dá ṣòwò. Ó dùn mí pé àwọn ọmọ wa ní yunifásítì ń ka ìtàn irú ìlú bẹ́ẹ̀ ní Yúróòpù, wọn kò sì gbọ́ orúkọ Ayétòrò rí.

Ìlú yẹn ni òkun ń jẹ. Àwòrán sátẹ́láìtì fi hàn pé láàrin nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, ó lé ní ìdajì ilẹ̀ Ayétòrò tó ti bọ́ sínú omi, nǹkan bíi kìlómítà mẹ́wàá níbùú-lóòró. Ilé iṣẹ́ wọn lọ. Òpópónà lọ. Wọ́n ti ṣí ilé ìjọsìn wọn nípò lẹ́ẹ̀mejì. Kì í ṣe ìjì kan ṣoṣo ló ṣe é, tí a óò fi lè dárúkọ ọjọ́ rẹ̀. Ní àsìkò òjò, omi á ru wọlé lóru kan, á kó ilé mélòó kan lọ, á sì padà. Ní ọdún tó ń bọ̀, ibi tó dé lọ́dún yìí ló ti máa bẹ̀rẹ̀.

Kí ló dé? Láti Àgbádárìgì dé Lẹ́kí, iyanrìn ni etíkun wa. Tí a bá dé Ìlàjẹ, ẹrẹ̀ ni. A. C. Ibe, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí etíkun Nàìjíríà tó sì kọ ìwé lé e lórí ní 1988, ya apá ibẹ̀ sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí etíkun ẹlẹ́rẹ̀. Iyanrìn tí ìgbì bá gbé lọ lónìí, ìgbì lè gbé òmíràn dé lọ́la. Ẹrẹ̀ tó bá ti yòrò, ó lọ nìyẹn. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju omi lọ. Ooru ayé sì ń mú kí òkun kún sí i. Àwọn olùwádìí kan ń tọ́ka sí epo tí wọ́n ń fà lágbègbè náà àti ojú omi tí wọ́n là fún ọkọ̀ epo, tó jẹ́ kí omi iyọ̀ wọ inú igbó.

Ní 2004, NDDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìdàgbàsókè Niger Delta, gbé iṣẹ́ ògiri etíkun Ayétòrò jáde ní iye owó bílíọ̀nù 6.5 náírà. Ní 2009, wọ́n tún gbé e fún agbaṣẹ́ṣe mìíràn. Ògiri kò dìde. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí pé àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní 2004 ti dàgbà, wọ́n ti ń bímọ, ojú wọn ni gbogbo rẹ̀ sì ń ṣe.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò ṣeé ṣe. Ní Èkó níbí, láàrin 1908 sí 1912, wọ́n kó òkúta sínú òkun kí ọkọ̀ ńlá lè wọ èbúté. Òkúta yẹn dí iyanrìn tó ń ti ìwọ̀-oòrùn bọ̀ lọ́nà, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Bar Beach, ó sì jẹ ẹ́ fún bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Nígbà tí ilẹ̀ olówó wà nínú ewu, a rí owó, a rí òkúta, a ṣètò ògiri Eko Atlantic síbẹ̀ kí ó gùn tó kìlómítà 8.5. Ṣùgbọ́n àwọn ará Òkun Alfa, tó wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀, ń ké pé láti ìgbà náà ni omi ti yíjú sí àwọn. Ẹ̀kọ́ méjèèjì la gbọ́dọ̀ gbé lọ sí Ìlàjẹ.

Ohun tó ń dùn mí jù ni bí a ṣe ń ṣèrànwọ́. Lẹ́yìn ìkún omi kọ̀ọ̀kan, ọkọ̀ á dé: ìrẹsì, fóòmù, páànù díẹ̀, fọ́tò. Ẹni tí afẹ́fẹ́ ká òrùlé rẹ̀ lọ ni ìrànwọ́ yẹn yẹ, torí ó ní ibi tí yóò kan páànù sí. Ìyá arúgbó tí ilẹ̀ ilé rẹ̀ ti di ojú omi tí wọ́n ń na àwọ̀n sí, orí kí ni yóò kan páànù sí? Àwọn ará ìlú ti ń ṣe èyí tí agbára wọn ká: wọ́n ń tú ilé pákó wọn kí omi tó dé, wọ́n ń fa ìṣó yọ kí wọ́n lè tún un lò, wọ́n ń tún ilé náà kàn sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn náà ti ń tán. Irà ló kù. Ẹni tó bá sì lówó ọkọ̀ ń lọ sí Igbókọ̀dá, tàbí ó ń bọ̀ wá sí Mákòko àti Bárígà láàrin wa níbí.

Ìdí rèé tí mo fi ní, tí a bá fẹ́ kí Ayétòrò tún dìde, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ sọ. Tí yóò bá jẹ́ pé wọ́n máa ṣí, ìlú ni kí ó ṣí, kì í ṣe ẹnì kọ̀ọ̀kan: kí wọ́n rí ilẹ̀ gbígbẹ tó gba gbogbo wọn pọ̀, tí ìwé rẹ̀ wà ní orúkọ ìlú, tí kò jìnnà sí omi débi tí apẹja yóò fi di aláìníṣẹ́. Àwọn tó ti da ohun ìní pọ̀ rí kò nílò ẹni tí yóò kọ́ wọn bí a ṣe ń gbé papọ̀. Tí ó bá sì jẹ́ ògiri ni ìjọba fẹ́ mọ, kí wọ́n wọn gbogbo etíkun Ìlàjẹ kí òkúta àkọ́kọ́ tó bọ́ sílẹ̀, kí wọ́n wádìí bóyá ẹrẹ̀ yẹn lè gbé òkúta láìrì, kí wọ́n sì wo ibi tí omi tí wọ́n lé kúrò ní Ayétòrò yóò yà sí, nítorí Awóyè àti Mọlútẹ́hìn wà létí òkun kan náà, òkun sì ti ń jẹ ilẹ̀ tiwọn pẹ̀lú.