Ekòló, Sobìà àti Aràn Abẹ́ Igi Kòkó

Èdè wa kò da àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí pọ̀: ekòló ni ti inú ilẹ̀, aràn ni ti inú ìfun, sobìà ni ti inú ẹran ara. Ìdin kò sí lára wọn; ọmọ eṣinṣin ni.

Ekòló ni mo fẹ́ràn jù. Kò ní ojú, kò ní ẹ̀dọ̀fóró. Awọ ara rẹ̀ tí ó tutù ni ó fi ń mí, ìdí nìyí tí oòrùn fi ń pa á. Òun ni akọ, òun náà ni abo. Ewé kòkó tí ó já bọ́ ni oúnjẹ rẹ̀, ìgbẹ́ rẹ̀ ni ó sì ń sọ ilẹ̀ di ọlọ́ràá. Àwọn àgbà ní bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ a lanu. Ó dá mi lójú pé wọ́n ti wo oko dáadáa: ihò tí ó gbẹ́ ni òjò àti afẹ́fẹ́ ń gbà wọlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibòji àti ọ̀rinrin kan náà ni aràn kan ń fẹ́. Ẹni tí ó ní in, tí ó ṣu sábẹ́ igi, ti da ẹyin rẹ̀ síbẹ̀. Kò ju bí ọ̀sẹ̀ kan lọ, ọmọ rẹ̀ tí ojú kò lè rí yóò gba awọ ẹsẹ̀ tí kò wọ bàtà wọlé. Yóò bá ẹ̀jẹ̀ dé ẹ̀dọ̀fóró, yóò gun ọ̀fun, a ó gbé e mì, yóò sì fi ẹnu há ara ìfun, yóò máa mu ẹ̀jẹ̀. Yóò máa rẹ àgbẹ̀, àwọn ènìyàn yóò sì máa pè é ní ọ̀lẹ. Oògùn rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó lò ó tí ó tún fi ẹsẹ̀ lásán wọ oko yóò tún kó o.

Sobìà kò tilẹ̀ ní oògùn. Inú omi adágún ni a ti ń mu ún, nínú kòkòrò wẹ́wẹ́ tí ó gbé e mì. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan, abo rẹ̀, tí ó lè gùn tó mítà kan, a yọ lẹ́sẹ̀. Bí ẹsẹ̀ náà bá kan omi, a da ọmọ sínú rẹ̀. Ìwádìí ọdún 1987 sí 1988 rí aláìsàn tí ó lé ní 650,000 ní Nàìjíríà. Aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi, kànga, àti lílé ẹlẹ́gbò kúrò létí odò ni ó ṣẹ́gun rẹ̀. A rí ẹni ìkẹyìn ní 2008, ní Ìpínlẹ̀ Enugu. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí pé ó ti tán nílẹ̀ wa.

Ọ̀nà tí aràn abẹ́ kòkó ń gbà kò gùn tó ti sobìà. Ṣáláńgá àti bàtà dí i. Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ ẹ̀yin tí ẹ ní abà: kí ẹ tó kó kòkó ọdún yìí, ẹ gbẹ́ ṣáláńgá sí i, kí ó jìnnà sí odò.